Ìlọ́júpọ̀ àti Ìdíjú: Ìwọ̀n Kóòdù Kọ̀ǹpútà àti Ọ̀rọ̀-Ìperí Rẹ̀ ní Èdè Yorùbá

1. Ìfáárà

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni bí a ṣe lè sọ̀rọ̀, ní èdè Yorùbá, nípa bí kóòdù kọ̀ǹpútà ti ṣòro kà tó, àti bí a ṣe lè dín ìṣòro náà kù. Kóòdù ni a ń pe àwọn àṣẹ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà láti tẹ̀ lé. Ẹni tí ó kọ wọ́n ni a óò máa pè ní aṣètò. Odidi iṣẹ́ tí àwọn àṣẹ náà jọ ń ṣe ni a óò sì máa pè ní ètò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kọ̀ǹpútà nìkan ni a ń kọ kóòdù fún. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Kọ̀ǹpútà kì í ráhùn pé kóòdù ṣòro kà; bí kò bá ti sí àṣìṣe gírámà nínú rẹ̀, yóò ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe. Ẹni tí ó ń ráhùn ni aṣètò mìíràn tí yóò wá tún un ṣe ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ bá ti ṣí lọ sí ibòmíràn. Nígbà tí ó jẹ́ pé ènìyàn ni ó ń kà á, ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí èdè pẹ̀lú.

Ìdí méjì ni ó mú kí a kọ ọ́ nísinsìnyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà fi ọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, lẹ́yìn ìpàdé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ tí ó wáyé ní Àkúrẹ́, a gbọ́ pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí kò fara mọ́ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. A kò ní tún ẹjọ́ náà rò níhìn-ín. Iṣẹ́ tí Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò parí níwọ̀n ìgbà tí ìmọ̀ kò dúró sójú kan. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́ di yunifásítì ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀-ẹ̀rọ ní ọdún 2020. Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí yóò kọ́ àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ọ̀rún àti Emùré ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà yóò ti máa jáde. Bí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ ìdí tí kóòdù rẹ̀ fi gba máàkì kékeré bí ó tilẹ̀ ṣiṣẹ́, kí ni yóò sọ?

Ìdí kejì ni pé ohun tí àwọn ògbufọ̀ ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ kò tó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìṣòro, ni wọ́n fi ń túmọ̀ gbogbo ohun tí ó bá nira nínú kóòdù. Ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò jù. Ìṣòro ni ebi, ìṣòro ni àìsàn, ìṣòro ni kí iná mànàmáná lọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀-ìperí tí kò lè ya ohun kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì kò tíì di ọ̀rọ̀-ìperí.

2. Ọ̀rọ̀ méjì, ohun méjì

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí ó sún mọ́ ohun tí a ń wá: lọ́júpọ̀ àti díjú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo méjèèjì bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí a bá tú wọn palẹ̀, a óò rí i pé wọn kì í ṣe ọ̀kan. Nínú lọ́júpọ̀, lọ́ àti pọ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe, ojú sì wà láàrin wọn. Ohun tí ó lọ́júpọ̀ ni ohun tí ojú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, tí àwọn ojú náà sì lọ́ mọ́ ara wọn. A lè ka iye ojú bẹ́ẹ̀. Díjú ní tirẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ dí àti ojú. Ohun tí ó díjú ni ohun tí ojú rẹ̀ ti dí, tí ẹni tí ó ń wò ó kò fi rí ibi tí yóò gbà wọ inú rẹ̀. Ìlọ́júpọ̀, ara ohun náà ni ó wà. Ìdíjú wà láàrin ohun náà àti ẹni tí ó ń wò ó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìyàtọ̀ orí pátákó lásán ni èyí. Onídìrí lè di ṣùkú olójú méjìlá fún ọmọge. Irun náà lọ́júpọ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n kò díjú rárá, nítorí pé ó ya ojú rẹ̀ dáadáa, àwọn ojú náà sì pàdé ní ibì kan ṣoṣo. Irun ọmọ tí a kò yà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní ojú kankan tí a lè kà, síbẹ̀ ó díjú débi pé òòyà kò lè wọ inú rẹ̀. A dá a lábàá, nítorí náà, pé kí ìlọ́júpọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí fún ohun tí a lè kà lára kóòdù, kí ìdíjú sì jẹ́ ti ìnira tí ẹni tí ó ń kà á ń rí. Gbogbo àríyànjiyàn tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún, lójú tiwa, ó jẹ́ àríyànjiyàn lórí bí èkínní ṣe lè jẹ́ àmì èkejì.

3. Ohun tí gbólóhùn oníbọ̀ kọ́ wa

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú ilé kí a tó wo ìta. Ẹ wo gbólóhùn yìí:

Ìwé tí ọmọ tí olùkọ́ tí ọ̀gá pè nà yá ti sọnù.

Kò sí òfin gírámà Yorùbá kankan tí gbólóhùn yìí rú. Awẹ́-gbólóhùn asàpèjúwe mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú ìkejì. Síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ yóò ní kí a tún un sọ. Ẹ wá wo èyí:

Ọ̀gá pe olùkọ́ tí ó na ọmọ tí ó yá ìwé tí ó ti sọnù.

Awẹ́-gbólóhùn asàpèjúwe mẹ́ta náà ni ó wà nínú èyí, ọ̀gá, olùkọ́, ọmọ àti ìwé kan náà sì ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò gbọ́ ọ ní àgbọ́yé. Iye ojú tí ó lọ́ pọ̀ nínú méjèèjì dọ́gba. Ìdíjú wọn ni kò dọ́gba. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú gbólóhùn kìn-ín-ní, a ní láti fi ìwé, ọmọ àti olùkọ́ pamọ́ sí ọkàn, kí a máa retí ọ̀rọ̀-ìṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe náà sì wá dé ní ìdàkejì ètò tí a fi pa àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ mọ́. Nínú èkejì, a ń parí ọ̀rọ̀ kan kí a tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ní ọdún 1956 ni George Miller kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ tí ó lókìkí, pé nǹkan bí méje, bí méjì bá lé tàbí méjì bá dín, ni ohun tí ọkàn ènìyàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 1960, Victor Yngve gbé e karí gbólóhùn, ó ní èdè gbogbo ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá láti má ṣe jẹ́ kí gbólóhùn jìn ju ohun tí ọkàn lè gbà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ṣe àtúnṣe sí àbá méjèèjì láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tí a nílò níhìn-ín kò yẹ̀: jíjìn ni ó ń pa ẹni tí ó ń kàwé lára ju gígùn lọ.

Àwọn onígírámà wa ti ń pe irú gbólóhùn báyìí ní gbólóhùn oníbọ̀. A kò nílò láti wá ọ̀rọ̀ tuntun fún kóòdù tí a fi sínú kóòdù mìíràn. Ìfibọ̀ ni, iye ìpele tí ó ní sì ni jíjìn ìfibọ̀. Àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí èdè-ìperí Yorùbá, lábẹ́ Bámgbóṣé ní ọdún 1984 àti lábẹ́ Awóbulúyì ní ọdún 1990, ti fi hàn wá pé kí a kọ́kọ́ tú àpò tiwa wò kí a tó yá owó lọ́wọ́ aládùúgbò.

4. Kíka oríta

Láyé àtijọ́, iye ìlà ni àwọn ènìyàn ń kà bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ètò kan ti tóbi tó. Ìwọ̀n yìí kò sọ nǹkan púpọ̀, nítorí ìlà ọgọ́rùn-ún tí ń lọ tààrà kò le bí ìlà ogún tí ń yí kiri. Ní ọdún 1968, Edsger Dijkstra ará Netherlands kọ lẹ́tà kan tí ó fi bu ẹnu àtẹ́ lu àṣẹ tí ó ń jẹ́ kí kóòdù fò láti ibikíbi sí ibikíbi. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ lórí bí kóòdù ṣe yẹ kí ó ṣàn wá gba ìgboro kan. Ní ọdún 1977, Maurice Halstead tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ka ọ̀rọ̀ inú kóòdù bí àwa náà ti ń ka ọ̀rọ̀ inú ìwé: iye ọ̀rọ̀ tí ó yàtọ̀ síra, àti iye ìgbà tí wọ́n jẹ yọ. A kò ní dúró lórí tirẹ̀.

Ẹni tí a óò dúró tì ni Thomas McCabe, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, tí ó tẹ ìwọ̀n tirẹ̀ jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1976. Ó wo ètò bí àwòrán ọ̀nà. Ibi tí iṣẹ́ ti ń wáyé jẹ́ ojúkò, ohun tí ó so ojúkò kan pọ̀ mọ́ èkejì sì jẹ́ ọ̀nà. Bí a bá ka iye ọ̀nà, tí a yọ iye ojúkò kúrò nínú rẹ̀, tí a sì fi 2 kún un, a ti rí iye tí ó ń wá. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ẹni tí ó ti Àkúrẹ́ bọ̀ tí ó dé Ìkẹ́rẹ́ lè kọjá lọ sí Adó, ó sì lè yà sí ọ̀nà Ìsẹ̀ àti Emùré. Bí ìbéèrè kan ṣoṣo bá wà nínú ètò, ojúkò mẹ́rin ni a óò ní: ìbéèrè fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tí a óò ṣe bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ tí a óò ṣe bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, àti ibi tí méjèèjì ti pàdé. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó so wọ́n pọ̀. 4 dín 4, kí a fi 2 kún un, ó di 2. Ètò tí kò ní ìbéèrè kankan jẹ́ 1. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí ó lápá méjì ń fi 1 kún un. Kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn, ka iye oríta, kí o sì fi ọ̀kan kún un.

Nítorí náà ni a ṣe dábàá ìwọ̀n oríta gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìwọ̀n McCabe ní èdè Yorùbá. A ti rí àbá mìíràn tí ó tẹ̀ lé orúkọ òyìnbó rẹ̀ ní ẹsẹ̀-mú-ẹsẹ̀, tí ó sì di ìwọ̀n ìlọ́júpọ̀ olóbìírí. Kí ni olùkọ́ yóò ti ṣàlàyé òbìírí sí? Orúkọ yẹn wá láti inú ẹ̀ka ìṣirò kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì dé. Oríta ni ohun tí ó ń kà gan-an.

Iṣẹ́ méjì ni ìwọ̀n oríta ń ṣe. Ó ń sọ iye ọ̀nà adádúró tí ó wà nínú ètò, èyí tí ó fi ń sọ fún ẹni tí ó fẹ́ dán ètò náà wò pé ìdánwò tó báyìí yóò kárí gbogbo apá oríta. Ó sì tún ń kìlọ̀: McCabe ní bí ó bá ti kọjá 10, kí aṣètò tún un wò. Òun fúnra rẹ̀ kò ka 10 sí òfin Mósè. Ó gbà pé ètò tí ó kàn ń yan ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ohun tí kò kan ara wọn lè kọjá bẹ́ẹ̀ láìsí ewu.

A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí a má pe ọ̀nà adádúró ní gbogbo ọ̀nà. Bí ìbéèrè mẹ́jọ bá tẹ̀ lé ara wọn, tí a sì tún pàdé lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n oríta jẹ́ 9, ṣùgbọ́n iye ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà la ètò náà já jẹ́ 256. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ gbogbo ọ̀nà sí ibi tí ó yẹ kí ó kọ ọ̀nà adádúró yóò mú kí olùkọ́ ní kí ọmọ ṣe ìdánwò 256.

5. Máàkì mẹ́sàn-án: àpẹẹrẹ kan

Àpẹẹrẹ tí gbogbo olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama mọ̀ ni a óò lò, èyí ni yíyí máàkì padà sí ipò, láti A1 dé F9, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é fún ìdánwò WAEC: 75 sókè jẹ́ A1, 70 jẹ́ B2, 65 jẹ́ B3, 60 jẹ́ C4, 55 jẹ́ C5, 50 jẹ́ C6, 45 jẹ́ D7, 40 jẹ́ E8, ohun tí kò bá tó 40 sì jẹ́ F9. Ipò mẹ́sàn-án, ààlà mẹ́jọ. Aṣètò kan lè kọ ọ́ báyìí, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀:

Bí máàkì bá tó 40:
    bí máàkì bá tó 45:
        bí máàkì bá tó 50:
            (ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan 75)
        bí bẹ́ẹ̀ kọ́: ipò ni D7
    bí bẹ́ẹ̀ kọ́: ipò ni E8
bí bẹ́ẹ̀ kọ́: ipò ni F9

Ẹ fojú sí ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà ìkẹyìn. Ìbéèrè nípa 40 ni ó ṣáájú, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀, F9, ni ó kẹ́yìn. Gbogbo ohun tí ó kù ni a kì sáàrin wọn. Ìwé tí ọmọ tí olùkọ́ tí ọ̀gá pè nà yá ti sọnù ni a tún kọ yìí, àfi pé ìpele mẹ́jọ ni tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ máàkì tí ó ń mú ènìyàn gba E8, yóò fi ìka tẹ ìlà, yóò sì máa wo etí ìwé láti mọ èyí tí ó bá èyí mu.

Aṣètò kejì kọ ọ́ báyìí:

Bí máàkì bá tó 75, dá A1 padà.
Bí máàkì bá tó 70, dá B2 padà.
Bí máàkì bá tó 65, dá B3 padà.
(ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 40)
Dá F9 padà.

Oríta mẹ́jọ ni ó wà nínú ti èkínní, oríta mẹ́jọ ni ó wà nínú ti èkejì. Ìwọ̀n oríta méjèèjì jẹ́ 9. Bí a bá tẹ̀ lé McCabe nìkan, a óò sọ pé wọ́n dọ́gba, a óò sì sọ pé méjèèjì dára nítorí pé wọn kò kọjá 10. Kò sí olùkọ́ tí ó ti fi ojú rí méjèèjì tí yóò gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé McCabe ṣìnà. Ìlọ́júpọ̀ ni ó wọ̀n, ìlọ́júpọ̀ wọn sì dọ́gba lóòótọ́. Àwa ni a ń bi í ní ohun tí kò sọ pé òun yóò dáhùn.

Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn McCabe ni G. Ann Campbell, ti ilé-iṣẹ́ SonarSource, gbé ìwọ̀n mìíràn jáde tí ó dojú kọ ẹni tí ó ń kà á. Nínú ìwọ̀n tirẹ̀, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń gba 1, gẹ́gẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá wà nínú ìbéèrè mìíràn, a óò fi iye ìpele tí ó wà kún tirẹ̀. Èyí tí ó wà ní ìta gba 1, èyí tí ó wà nínú rẹ̀ gba 2, èyí tí ó tún wà nínú ìyẹn gba 3. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ̀ọ̀kan náà ń gba 1. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́jọ ti aṣètò kìn-ín-ní: 1, 2, 3 títí dé 8, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 36. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mẹ́jọ jẹ́ 8. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 44. Ti aṣètò kejì: ìbéèrè mẹ́jọ, kò sí èyí tí ó wà nínú èkejì, kò sì sí bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kankan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 8.

44 àti 8 fún iṣẹ́ kan náà. Ìwọ̀n ìfibọ̀ ni a dábàá gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Orúkọ òyìnbó rẹ̀ ń tọ́ka sí ọpọlọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ọpọlọ kankan tí a wọ̀n. Jíjìn ìfibọ̀ ni a kà, tí a sì gbà pé ó sún mọ́ ìdíjú. A kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí orúkọ Yorùbá ṣe ìlérí tí ìwọ̀n náà kò lè mú ṣẹ.

Aṣètò kẹta wà tí ó mọ̀ ju àwọn méjì yìí lọ. Kò fi ààlà sínú ìbéèrè rárá. Ó kọ́kọ́ ya àtẹ kan tí ó ní òpó méjì, máàkì tí ó kéré jù ní òpó kìn-ín-ní, ipò ní òpó kejì: 75 àti A1, 70 àti B2, títí dé 0 àti F9. Lẹ́yìn náà ni ó wá kọ ọ́ pé:

Fún ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀:
    bí máàkì bá tó ààlà ìlà náà, dá ipò ìlà náà padà.

Ìwọ̀n oríta rẹ̀ jẹ́ 3, ìwọ̀n ìfibọ̀ rẹ̀ náà jẹ́ 3. Bí àwọn aláṣẹ bá yí ààlà padà lọ́la, àtẹ ni a óò tún ṣe, a kò ní fọwọ́ kan kóòdù. Akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ tí kò mọ kóòdù kankan lè ka àtẹ náà kí ó sì sọ pé ẹ ti kọ 56 sí ibi tí ó yẹ kí ẹ kọ 55. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú kóòdù onípele mẹ́jọ, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kí ọmọ tí ó gba 55 sì máa gba C6 ní ibi tí C5 ti tọ́ sí i, láìmọ ẹni tí yóò bi.

6. Orúkọ gẹ́gẹ́ bí ohun èlò

Àtẹ kò ṣe é lò fún gbogbo nǹkan. Ọgbọ́n tí ó wọ́pọ̀ jù láti dín ìdíjú kù ni kí a gé apá kan kúrò lára kóòdù gígùn, kí a sọ ọ́ lórúkọ, kí a sì máa fi orúkọ náà pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà rí àǹfààní rẹ̀. Wọ́n ń sọ pé kóòdù kò dín, ó kàn ṣípò padà ni. Òǹkà Yorùbá ni a fi ń dá wọn lóhùn.

Kí ni ẹ̀tàdínláàádọ́rin? Ẹ̀ta tí a yọ kúrò nínú àádọ́rin. Kí ni àádọ́rin? Ẹ̀wá tí a yọ kúrò nínú ọgọ́rin. Kí ni ọgọ́rin? Ogún lọ́nà mẹ́rin. Ìṣirò mẹ́ta, ọ̀kan nínú èkejì, ni ó wà nínú 67. Àwọn òyìnbó tí ó kọ̀wé nípa òǹkà wa láyé àtijọ́ máa ń fi ìyanu wò ó, wọ́n ń bi ara wọn pé báwo ni àwọn ìyálọ́jà ṣe ń ṣe gbogbo ìṣirò yìí lórí ìdúró. Kò sí ẹni tí ó ń ṣe é. Ìyá tí ń ta iṣu ní ọjà Ìkẹ́rẹ́ tí ó bá gbọ́ àádọ́rin, ohun kan ṣoṣo ni ó gbọ́. Orúkọ ti di ìfibọ̀ náà sínú, ó sì ti dé e. Ìgbà tí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nìkan ni a ń ṣí i. Kóòdù tí a sọ lórúkọ dáadáa ń ṣe ohun kan náà: ẹni tí ó rí ipò-fún-máàkì kò nílò láti wo inú rẹ̀ kí ó tó lóye ìlà tí ó wà.

Àṣírí ibẹ̀ ni pé kí orúkọ náà jẹ́ ohun tí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé. Bí àádọ́rin bá ń jẹ́ 70 lónìí tí ó sì ń jẹ́ 71 ní ọjọ́ ọjà, gbogbo ènìyàn ni yóò padà sí ogún lọ́nà mẹ́rin. Aṣètò tí ó sọ kóòdù rẹ̀ ní iṣẹ́-kejì tàbí nǹkan-náà ti gbé ẹrù kúrò lórí, ó gbé e sí èjìká. Kò tíì sọ ọ́ kalẹ̀. Irú èyí wọ́pọ̀ ní ibi iṣẹ́ tí ọ̀gá bá ti fi lé wọn lọ́wọ́ pé ìwọ̀n oríta kò gbọdọ̀ kọjá 10. Wọn a gé ètò kan sí mẹ́rin, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan a wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kà á a máa sáré láti ojú ewé kan sí èkejì láti fi so ohun tí a ti gé pọ̀. Ìwọ̀n náà dínkù. Ìdíjú pọ̀ sí i.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ rí bí ohun tí ó lọ́júpọ̀ ṣe lè ṣe é kà, kí ó wo iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tí ó sì ṣiṣẹ́ fún Arìnjàlẹ̀ ní Ìsẹ̀. Òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, èyí tí ó wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1924. Èrò pọ̀ lára ilẹ̀kùn náà: ọba, ayaba, ìránṣẹ́, aláárù, àti òyìnbó Ambrose tí ó wá kí Ògògà. Orí àwọn èrò náà yọ síta kúrò lára pátákó. Ṣùgbọ́n Ọlọ́wẹ̀ pín in sí ìpele ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀ àti iṣẹ́ tirẹ̀, ojú kò sì ṣìnà. A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọnà kì í ṣe kóòdù. Òótọ́ ni; ṣùgbọ́n ojú kan náà ni ó ń wò wọ́n.

Ìbéèrè kan tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olùfẹ́ èdè ni bóyá kí a kọ kóòdù ní èdè Yorùbá kò ní mú un rọrùn láti kà. Ó ti wà. Yorlang jẹ́ èdè kóòdù tí ọ̀rọ̀ àṣẹ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. A kí àwọn tí ó ṣe é kú iṣẹ́. Bí ó ti wù kí ó rí, kóòdù onípele mẹ́jọ tí a kọ lókè yìí, Yorùbá ni a fi kọ ọ́, ìwọ̀n ìfibọ̀ rẹ̀ kò sì yẹ̀ lórí 44. Èdè ọ̀rọ̀ àṣẹ ń ran ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó lọ́wọ́ láti wọlé. Kò sọ fún un ibi tí yóò gbà jáde.

7. Àtúntò tàbí àtúnkọ?

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Iṣẹ́ tí a ṣe nígbà tí a sọ ètò aṣètò kìn-ín-ní di ti ẹ̀kẹta ní orúkọ láàrin àwọn onímọ̀. Martin Fowler kọ ìwé kan lé e lórí ní ọdún 1999 tí àwọn aṣètò ṣì ń kà. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé ìrísí kóòdù yí padà, iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Máàkì kan náà gbọ́dọ̀ máa gba ipò kan náà. Àwọn kan pè é ní àtúnkọ. A kò fara mọ́ ọn, nítorí ẹni tí ó tún ìwé kọ lè yí ìtàn inú rẹ̀ padà. Àwọn mìíràn pè é ní àtúnṣe, èyí tí ó tilẹ̀ burú jù, nítorí ohun tí ó bàjẹ́ ni a ń tún ṣe, kóòdù yìí kò sì bàjẹ́. Àtúntò ni ó bá a mu jù lọ: ẹni tí ó tún àga inú yàrá tò kò fi àga kan kún un, kò sì gbé ọ̀kan jáde.

Kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ kíláàsì rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ yìí fún ìdajì wọn ní kóòdù onípele mẹ́jọ, kí ó fún ìdajì ní ti alátẹ, láìsọ fún wọn pé iṣẹ́ kan náà ni. Kí ó kọ máàkì wọ̀nyí sójú pátákó: 0, 39, 40, 44, 45, 49, 50, 54, 55, 59, 60, 64, 65, 69, 70, 74, 75 àti 100. Méjìdínlógún ni wọ́n, wọ́n sì kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà kọ̀ọ̀kan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi ojú tẹ̀ lé kóòdù tirẹ̀, kí ó kọ ipò tí máàkì kọ̀ọ̀kan gbà, kí olùkọ́ sì wo aago. Lẹ́yìn náà kí ó ní kí wọ́n pààrọ̀ ìwé.